Eérú Abẹ́ Máńgòrò Yẹn, Èmi Ni Mo Dà Á

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe, kí n tó sọ ohun tí wọ́n ṣe sí mi. Mo mọ ara mi. Tí mo bá fi tèmi sẹ́yìn, n kò ní sọ ọ́ dé ìdí.

Mo fi irọ́ ba orúkọ ọkùnrin kan jẹ́. Ó ti tó ọdún mélòó kan. Ìsíàkà ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án, ó gbé Kùránì, ó búra pé òun kọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, n kò la ẹnu. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní ẹni tó fi Kùránì búra èké.

Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ báyìí ni pé àbúrò mi fẹ́ fẹ́ ọmọ Ìsíàkà, ìbúra yẹn ni wọ́n sì fi dá yìgì wọn dúró. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, nǹkan kan yóò ṣẹlẹ̀ tí n kò ní lè tún ṣe mọ́ tí mo bá jẹ́ kó kọjá.

Kòkòrò oyin ni mo fi kàwé gboyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi níbí díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí kò ní mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Irú ẹyin kan náà ni ayaba oyin àti òṣìṣẹ́ oyin ti ń jáde. Ohun tí wọ́n jogún kò yàtọ̀. Oúnjẹ tí wọ́n bá fún wọn ní kékeré ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, pẹ̀lú àwọn ohun tíńtín kan nínú ara wọn tí àwa oníṣẹ́ yìí ń pè ní máíkíró-RNA. Nínú ara ohun ẹlẹ́mìí, ìránṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ara a máa rán ìránṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe èyí, kí wọ́n mọ tọ̀hún. Máíkíró-RNA kì í mọ nǹkan kan, kì í sì í gbé ẹrù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dì mọ́ ìránṣẹ́, kó pa á lẹ́nu mọ́. Èyí tó bá pa lẹ́nu mọ́, àti èyí tó bá jẹ́ kó sọ̀rọ̀, wà lára ohun tó ń sọ ọmọ oyin di ayaba tàbí òṣìṣẹ́. Ó wà lára ohun tó ń mú kí òṣìṣẹ́ jókòó sílé máa bọ́ ọmọ, tàbí kó jáde lọ sóko.

Láàárín oyin, ọmọdé ló ń gbélé tọ́jú ọmọ. Àgbà ló ń lọ sóko. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọjọ́ orí ló ń yí àwọn ohun tíńtín yẹn padà, tàbí iṣẹ́ tí oyin náà ń ṣe. Ọ̀nà láti mọ̀ ni kí á mú àwọn àgbà kúrò nínú ilé kan, kó ku ọmọdé nìkan. Àìní yóò lé díẹ̀ nínú àwọn ọmọdé náà jáde lọ sóko nígbà tí kò tíì yẹ kí wọ́n jáde. Àwọn yẹn la ó mú yẹ̀ wò.

Yíyà wọ́n kò le. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí àwọn àgbà bá ti lọ sóko, a ó gbé àpótí wọn kúrò, a ó gbé e jìnnà. Àwọn tó bá wà nílé, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó wà lóko yóò padà sí ojúkò tí wọ́n mọ̀. Nítorí náà, dandan ni kí á gbé àpótí mìíràn tó ní afárá sí ojúkò náà, kí wọ́n bá ilé nígbà tí wọ́n bá dé. Ẹni tó bá fi oyin ilẹ̀ wa sílẹ̀ láìnílé, pàápàá oyin tí inú ti ń bí tẹ́lẹ̀, ó ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ẹni tó bá wà nítòsí.

Mo mọ èyí. Kì í ṣe pé n kò mọ̀.

Oko Baba Láwàní ni mo gbé àpótí mi sí, ní abúlé kan lójú ọ̀nà Malete, lábẹ́ igi máńgòrò. Àgbẹ̀ ni Baba Láwàní, ó ń gbin iṣu, ó ń sin ẹran díẹ̀. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Nítorí aṣọ funfun tí mo máa ń wọ̀ àti nẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń bojú, àwọn ará abúlé sọ mí ní Ìyàwó Oyin. Tí wọ́n bá rí mi lọ́nà oko, wọn á máa kí mi pé, “Ìyàwó Oyin, ṣé àwọn orogún ò yọ yín lẹ́nu?”

Mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú ọ̀gá mi tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí mi, n ó sì rò ó níbí. Ọkọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀ka wa ní yunifásítì, òun ló ń fi kó oúnjẹ ẹja lọ sí odò ẹja tirẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò fún mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ló tó yọ̀ǹda rẹ̀. Mo ní kí ó bá mi lọ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, ó ní òun lálejò. Nígbà tí ìwádìí náà jáde, orúkọ tirẹ̀ ló ṣáájú. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, mo sì ti fi ẹ̀sùn rẹ̀ sun àwọn tó yẹ kó gbọ́, wọn kò ṣe nǹkan kan sí i.

Súlé awakọ̀ ló gbé mi lọ ní Jímọ̀ náà. Bí a ṣe débẹ̀ ló ti ń wo oòrùn.

“Àǹtí,” ó ní, “tí ìmáàmù bá ti gun mínbà kí n tó dé Ìlọrin, ọrùn yín ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà o.”

Mo ní kó gbé e wá, pé ọrùn mi gbòòrò. A jọ rẹ́rìn-ín.

Mo fín èéfín sí àpótí náà láti inú agolo èéfín mi, a jọ gbé e. Súlé kò wọ aṣọ tó bò ó dáadáa, oyin kan ta á, ó jù ú sílẹ̀. Àpótí náà kọlu gbòǹgbò igi. Àwọn oyin tú jáde, wọ́n ń ta ìbọ̀wọ́ mi. Òórùn títa oyin máa ń pe oyin mìíràn, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tó bá bọ́ sí. Èyí náà, mo mọ̀ ọ́n.

A gbé àpótí náà sínú ọkọ̀. Àpótí alafárá mìíràn tó yẹ kí n gbé sí ojúkò rẹ̀ wà nínú búùtù, lábẹ́ gbogbo ẹrù yòókù. Súlé ń fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Mo ní ó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún Súlé. Awakọ̀ ni, èmi ni mo mọ ohun tí àpótí náà wà fún. Mo da eérú inú agolo èéfín mi sí ìdí máńgòrò náà, mo fi bàtà tẹ̀ ẹ́, a lọ.

Mo rí àgbò náà. Wọ́n so ó mọ́ igi kajú tó wà nítòsí. Àgbò Iléyá Baba Láwàní ni, ó sanra, ó ń jẹ èèpo iṣu. Mo wò ó, mo wọ ọkọ̀. Gbogbo abúlé ti ń múra mọ́ṣáláṣí. Kò sí ẹni tó rí wa tí a wá, kò sì sí ẹni tó máa wà lóko láti tú okùn.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrì ni Baba Láwàní pè mí lórí fóònù. Mo wà nílé wa ní Basin, ní Ìlọrin.

“Ìyàwó Oyin! Ẹ gbà mí o, oyin yín ti pa àgbò mi! Wọ́n ta á títí ó fi kú sórí okùn!”

Mo ní, “Baba, oyin wa kọ́ o. A ti gbé àpótí wa kúrò láti ìrọ̀lẹ́ àná.”

“Láti àná?”

“Láti àná, Baba.”

Ó wá ní, “Sùbúhànà. Á jẹ́ pé ẹnì kan ló wá dáná sábẹ́ igi mi. Mo rí eérú níbẹ̀.”

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ọ̀gá mi ló ní kí n parọ́. Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ó ní tí abúlé náà bá gbọ́, wọn kò ní gba ẹnikẹ́ni láti ẹ̀ka wa mọ́, pé kí n dúró lórí ìrọ̀lẹ́ àná. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo bí ó ṣe tẹ̀lé ara wọn. Mo ti parọ́ fún Baba Láwàní kí n tó pe ọ̀gá mi. Nígbà tó ní kí n “dúró lórí rẹ̀”, mo ti dúró lórí rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀sùn tí mo fi kàn án, èyí nìkan ni kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí n wá. Àgbàlá Baba Láwàní kún. Ìsíàkà ni wọ́n dá jókòó sí àárín. Ó ń sun èédú tà, ó sì ń fi iná lé oyin inú igbó kó afárá wọn nígbà tí àsìkò rẹ̀ bá tó. Ó pẹ́ dé mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, aṣọ rẹ̀ sì ń rùn èéfín. Ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní, “Ìsíàkà, ìwọ lo gbé èéfín wọ mọ́ṣáláṣí bí ẹni gbé tùràrí.” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Ìsíàkà ní, “Èédú ni mò ń sun! Èédú wo ló wà tí kò léèéfín?”

“Èédú ni o, oyin ni o,” Baba Láwàní ní, “kí ni eérú ń wá lábẹ́ igi mi?”

Ìsíàkà yíjú sí mi. Kò bínú. Ó ní, “Ìyàwó Oyin, ẹ̀yin lẹ kàwé rẹ̀. Ẹ bá mi bi ara yín wò. Ṣé kì í ṣe oyin tiyín ló ṣẹ́ kù síbẹ̀?”

Mo ní, “Tí a bá gbé oyin nírọ̀lẹ́, gbogbo wọn ló máa ń wà nílé. Wọn kì í ṣẹ́ kù.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ èyíkéyìí lè kọ ọ́ sínú ìdánwò kó gba máàkì. Òun ni mo fi pa ọkùnrin náà lẹ́nu mọ́.

Ìsíàkà dìde, ó ní kí wọ́n gbé Kùránì wá. Ìmáàmù ní kò tó ìyẹn, pé àgbò lásán ni. Ó ní ó tó. Ó lọ ṣe àlùwàlá, ó padà, ó gbé ọwọ́ lé e. “Wàllàhi, bíllàhi, tàllàhi, n ò dáná lábẹ́ igi yẹn.” Ó jókòó. Ojú rẹ̀ balẹ̀ bí ojú ẹni tó ti parí iṣẹ́.

Nígbà tí à ń padà lọ sí Ìlọrin, Súlé kò tan rédíò.

“Àǹtí, ọkùnrin yẹn búra o.”

“Mo gbọ́.”

“Òótọ́ ló sọ.”

“Mo gbọ́, Súlé.”

“Ẹ ò sì sọ̀rọ̀.”

“Ìwọ ńkọ́?”

Súlé ti kú báyìí, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Mo rò pé ó kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà nínú.

Ìwádìí mi yọrí sí rere. Àwọn ọmọdé oyin náà jáde lọ sóko láìtọ́jọ́, a yẹ̀ wọ́n wò, díẹ̀ nínú àwọn ohun tíńtín inú ọpọlọ wọn sì ti jọ ti àgbà. Mo gboyè. Àwọn èèyàn wá bá mi yọ̀ nílé wa ní Basin.

Ní àkókò òjò tó tẹ̀ lé e, ìjì ṣí òrùlé yàrá Ìsíàkà. Ilé tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀ kò ṣí, tòsì kò ṣí. Ohun tí abúlé ń dúró dè nìyẹn. Wọ́n ní Kùránì ti mú un. Wọn kò ra èédú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń dúró jìnnà sí i lórí ìlà ìrun. Ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí Malete. Ọmọ rẹ̀, Sàlámátù, fi ilé-ìwé sílẹ̀ láàárín ọdún, ó lọ kọ́ aṣọ rírán kí ilé lè jẹun. Ẹni tó bá ka ohun tí mo kọ sókè yìí dáadáa yóò mọ̀ pé àwọn ọmọdé oyin tí àìní lé jáde ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo gbọ́.

Àbúrò mi, Gàníyù, ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Malete. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Sàlámátù kò jìnnà sí tirẹ̀. Ó wá sílé, ó ní òun ti rí ìyàwó. Mo bi í pé ta ni baba rẹ̀. Ó sọ fún mi. Mo ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Ìyẹn ni ìgbà kejì tí mo dákẹ́.

Ilé àáfà ni wọ́n bí ìyá wa sí. Kì í jẹ́ kí wọ́n so yìgì láìṣe ìwádìí ìdílé. Ẹni tó rán lọ padà wá, ó sọ ohun tó gbọ́ lábúlé. Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà.

Ìyá wa ní, “Ẹni tó bá lè fi Kùránì búra èké, kí ló kù tí kò ní fi ṣeré? Ọmọ mi ò ní fẹ́ nínú ilé yẹn.”

Gàníyù ní, “Màmi, ta ló rí i pé èké ni?”

“Òrùlé rẹ̀ rí i.”

“Màmi, ìjì ni.”

“Ìjì tó mọ ilé ẹnì kan yàtọ̀? Bá mi wá irú rẹ̀.” Ó wá rọ ohùn sílẹ̀. “N ò le tó bẹ́ẹ̀, Gàníyù. Tó bá lè dìde ní mọ́ṣáláṣí abúlé yẹn, kó ní òun ṣe é, kó tọrọ túúbá, Ọlọ́run á gbà, èmi náà á gbà.”

Mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú ìyá mi náà. Kò rí ọkùnrin yìí rí, ó sì ti dá a lẹ́bi. Ó gba ìjì gbọ́ ju èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n irọ́ mi ló gbé ka iwájú tó ń fi ṣe ìdájọ́, kò sì mọ̀. Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ìyẹn ni ìgbà kẹta. Gàníyù kò jẹun nílé wa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọkọ̀, mo lọ sí Malete láti lọ sọ ọ́ fún Ìsíàkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, ìdí tí mo fi lọ nìyẹn. Mo bá a níwájú ilé, ó ń kan ẹsẹ̀ àga.

Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó Oyin! Àwọn ọkọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà, Baba Sàlámátù.”

Ó nu àga kan fún mi. Ó ní, “Iṣẹ́ tí màmá yín rán ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo gbọ́. Mo máa lọ ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Ẹ máa lọ síbo?”

“Mọ́ṣáláṣí abúlé. N ó ní mo ṣe é.”

Mo ní, “Ṣé ẹ ṣe é ni?”

Ó wò mí. “Ẹ̀yin náà gbọ́ nígbà tí mo búra.”

“Kí ló wá dé?”

“Nígbà tí mo sọ òótọ́, wọ́n ní irọ́ ni. Ó lè jẹ́ pé tí mo bá parọ́, wọ́n á ní òótọ́ ni.” Ó gbé òòlù sílẹ̀. “Èmi ti jẹ tèmi nínú ọ̀rọ̀ àgbò yẹn. Ọmọ yìí ò mọ oyin, kò mọ àgbò. Kó ṣáà rílé ọkọ. Tí Ọlọ́run bá bi mí, mo mọ ohun tí n ó wí.”

Sàlámátù gbé omi wá fún mi, ó kúnlẹ̀. Mo mu ún.

Ìsíàkà ní, “Ọkọ̀ yín ò ní lè gbé mi lọ lọ́jọ́ náà? N ò fẹ́ gun ọ̀kadà lọ síbi ìtìjú.”

Mo ní n ó gbé e.

Ohun tí mo rí sọ jáde nìyẹn. Mo dìde, mo lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ọkùnrin tó fi Kùránì sọ òótọ́ fẹ́ lọ parọ́ nílé Ọlọ́run, kí ó lè fi irọ́ náà fọ irọ́ tèmi. Tó bá ti sọ ọ́ tán, ìyá mi yóò gbà, yìgì yóò so, gbogbo èèyàn yóò jẹ, èmi yóò sì jókòó láàárín àwọn ẹbí ọkọ. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù, nítorí mo rí i pé mo lè ṣe é.

Mo ti rò ó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Tí mo bá sọ ọ́ fún ìyá mi lákọ̀ọ́kọ́, yóò fẹ́ bò mí mọ́lẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni mí. Tí mo bá lọ sọ fún ìmáàmù abúlé náà, ó di ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí kí ẹni tí mo ṣẹ̀ tó gbọ́. Tí mo bá sì dúró di ìgbà tí wọ́n bá kírun tán, ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni wọ́n ń fi àwa obìnrin sí níbẹ̀. Ìsíàkà ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ tọrọ túúbá lọ́wọ́ Ìsíàkà, lọ́wọ́ Sàlámátù, lọ́wọ́ Baba Láwàní tí mo pa àgbò rẹ̀ tí mo sì jẹ́ kó di ọ̀tá aládùúgbò rẹ̀. N kò mọ ẹni tí ó ṣáájú, n kò sì mọ bóyá Gàníyù yóò tún pè mí ní ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn náà.

Ọ̀nà láti Malete dé abúlé yẹn kò gùn. Èmi ni n ó wa ọkọ̀. Oko Baba Láwàní ni a ó kọ́kọ́ kàn kí á tó dé mọ́ṣáláṣí, máńgòrò náà sì wà níbẹ̀, a máa ń rí i láti ojú títì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ ọ́ fún Ìsíàkà kó tó wọ ọkọ̀ ni, tàbí kí n dúró níbi igi yẹn, kí n fi ojúkò eérú mi hàn án? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Jímọ̀ tó dé. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n dákẹ́. Ìyẹn ni mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.